Ọwọ́ Tó Kù Lórí Èjìká

Kò sí ẹni tó ń pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ó ti tó ọdún méjìlá báyìí tí gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Ọwọ́kù. Àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ ń fi ẹ̀rín pè é. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni. Obìnrin náà kì í bínú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní, "Iṣẹ́ ló sọ mí lórúkọ," á sì kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yọ ohun tí kò yẹ kúrò nínú fọ́tò. Ilé ìyàwòrán tó ti ń ṣe é wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan, láàárín ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Yàrá iwájú ni àga àwọn oníbàárà wà, àti kọ́tìnnì aláwọ̀ eérú tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò. Yàrá ẹ̀yìn, tí ènìyàn mẹ́ta kò lè dúró nínú rẹ̀ kí wọ́n má fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, ni tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, àti pírńtà kan tó máa ń húkọ́ bí arúgbó kó tó tẹ nǹkan jáde, àti fáànù kan tí wọ́n yí ojú rẹ̀ sí ògiri kó má baà fẹ́ bébà káàkiri.

Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń kó àbùkù wọn wá. Ẹnìkan á ṣe ìgbéyàwó, ajá á gba iwájú ìyàwó kọjá, á ní kí wọ́n bá òun yọ ajá. Wáyà iná á gba orí ẹlòmíràn kọjá nínú fọ́tò bí ẹni pé wọ́n fi í so ó kọ́, á ní kí wọ́n bá òun tú u sílẹ̀. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó ní ikùn òun ni kí wọ́n yọ. Ìyá Ọwọ́kù wo fọ́tò náà, ó wo ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, ikùn kì í ṣe ẹrù àjèjì," ló wí. "Bí mo bá yọ ọ́, kí ni bẹ́líìtì yín á dì mú?"

Ó ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tí fọ́tò ṣì ń ti inú yàrá òkùnkùn jáde, búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú àti yíǹkì ló fi ń bo àpá àti eruku mọ́lẹ̀ lórí fíìmù. Ogún ọdún ló fi ṣe ìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, bàbá ayàwòrán tó ni ilé iṣẹ́ náà, ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, wọ́n fún un ní àga sí iwájú.

"Ìwọ máa gba oníbàárà lálejò," ni wọ́n wí. "Nǹkan yìí, ọmọdé ló mọ̀ ọ́n lò."

Ẹni ọdún méjìlélógójì ni nígbà náà. Kò janpata. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, wákàtí kan ṣáájú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ló ti ń dé. Ó rí ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ohun tó bá sì yé e, á kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ẹni di irin ìlọṣọ mú ló ṣe ń di máòsì mú. Oṣù keje, Ọ̀gá wọlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá a tó ti yọ gbogbo ẹ̀gún irùngbọ̀n kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ ọkọ ìyàwó kan láì fi àpá kankan sílẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá gbé àga padà sí yàrá ẹ̀yìn fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò tún wáyé mọ́.

Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Màmá Nọ́ọ̀sì fi dé.

Gbogbo àdúgbò ló mọ Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe olórí wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n bá sì ní kí o jókòó, wàá ti jókòó kí o tó mọ̀ pé kò sí àga níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá ya fọ́tò wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn méjèèjì. Ọjọ́ kẹta, ìjà ṣẹlẹ̀ nílé. Ọmọkùnrin wọn, àkọ́bí, kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá a wá sí ilé ìwòsàn, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rìn ọ̀nà jíjìn ni òun fẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú. Ọmọ náà sọ pé, "Ẹ kì í ṣe ìyá, ọ̀gá wọ́ọ̀dù ni yín." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Màmá Nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì sí gbogbo fọ́tò rẹ̀ tó wà nínú ilé. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n wá gba fọ́tò ìfẹ̀yìntì wọn.

"Yọ ọ́," ni wọ́n wí, wọ́n nawọ́ sí ọmọ náà lójú kọ̀ǹpútà.

Bí fọ́tò náà ṣe rí ni pé Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun wọn. Ọmọbìnrin wọn dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọmọkùnrin náà dúró sí ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀. Apá rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà kọjá, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ sí èjìká kejì àbúrò náà, níhà ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Iṣẹ́ náà gbà á ní ọjọ́ méjì. Kọ̀ǹpútà ní irinṣẹ́ kan tó ń ṣe bí òǹtẹ̀: á mú ara ibì kan, á lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Ìyẹn ló fi ń mú ìṣẹ́po kọ́tìnnì lẹ́yọ lẹ́yọ, tó ń tẹ̀ ẹ́ bo ọmọ náà láti orí dé bàtà, títí kò fi sí ẹni tó lè mọ̀ pé ẹnìkan dúró níbẹ̀ rí. Ó tẹ bọ́tìnnì tó fi ń tọ́jú iṣẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, Ọ̀gá fi férémù sí i, Màmá Nọ́ọ̀sì sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni àlejò kan jókòó ní pálọ̀ náà, ó ń mu omi, ó wo ògiri, ó dáwọ́ omi dúró. "Màmá," ló wí, "ọwọ́ ta nìyí?"

Ìka mẹ́rin ni, lórí èjìká ọmọbìnrin náà, tí kò ní apá tí kò sì ní ẹni tó ni ín. Ojú tó fẹ́ yọ ni Ìyá Ọwọ́kù ń wò. Kò rántí pé ọwọ́ ọmọ náà ti gba ẹ̀yìn dé òdìkejì.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ aránṣọ. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ ti dé. Ìyá Ọwọ́kù sáré lọ bẹ Màmá Nọ́ọ̀sì pé òun á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun á yọ ọwọ́ náà. Màmá wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù ló wá rí àṣìṣe kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí yàtọ̀ sí i. Kò ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí ojúlówó gan-an ló ti ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ náà ló sì tọ́jú iṣẹ́ sí. Ọ̀gá ti nu káàdì kámẹ́rà fún ìgbéyàwó mìíràn. Ọmọ náà ti lọ pátápátá, àfi ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí fọ́tò tó wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpò kan tó sọ ní Má Fọwọ́ Kàn. Fọ́tò ọlọ́wọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Bó bá ti fẹ́ máa kánjú, á ṣí i, á fẹ ìka mẹ́rin náà títí wọ́n á fi kún ojú kọ̀ǹpútà, á wò wọ́n dáadáa, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù.

Ọdún méjìlá kọjá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé, Màmá Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, ọmọbìnrin wọn dì wọ́n mú lápá. Wọ́n kọjá lára Ọ̀gá níwájú, wọ́n gba yàrá ẹ̀yìn lọ tààrà.

"Mo fẹ́ kí o dá a padà," ni wọ́n wí.

"Kí ni, mà?"

"Ọmọ mi."

Ọmọbìnrin wọn ló wá ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n òun ti pe ìyá wọn lórí fóònù láti oṣù mẹ́ta. Ó ti gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ ti bímọ obìnrin. Wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ omi gbígbóná wò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ó ń bọ̀ wálé.

"Gbogbo ìyẹn dára," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ó wá béèrè lọ́wọ́ Màmá pé ṣé fọ́tò ìfẹ̀yìntì yẹn ṣì wà ní pálọ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn."

Màmá Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. "Mo ní ibi tó wà náà ló wà."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n."

"Kí ni o fẹ́ kí n sọ? Pé mo nù ún bí ẹni nu ọbẹ̀ lójú tábìlì? Ọmọ tí mi ò rí láti ọdún méjìlá ni mo ń wá padà, kì í ṣe ìjà. Bó bá wọlé tó bójú wògiri, tí kò rí ara rẹ̀, kò ní jókòó. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bí i, agídí mi ló gbé lọ."

Ọ̀gá ti yọ orí wọlé láti ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣé ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù? Ẹ fún wa ní ọ̀kan. A máa gé orí rẹ̀, a máa wá ara tó bá a mu, a máa gbé e dúró síbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà ṣí fóònù. Ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀, tó ní irùngbọ̀n kíkún, ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá Ọwọ́kù wò ó, ó mi orí.

"Ẹni ọdún mélòó ni lọ́jọ́ yẹn?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Èyí ti ń sún mọ́ ogójì. Ó máa mọ̀. Ojú ara ẹni kì í ṣi ara ẹni mọ̀. Màmá, mo lè nu, mi ò lè bí. Ojú tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mo máa wá."

"Níbo?" ni Ọ̀gá béèrè. "Ojú tó ti parẹ́?"

"Èmi ni mo pa á rẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n wá a."

Ọmọbìnrin náà béèrè bóyá kí àwọn gbé férémù wá. Ìyá Ọwọ́kù ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti wá mọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ abẹ́ àtẹ̀gùn ibi tí wọ́n ń kó òkú ẹ̀rọ sí. Ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde, ó gbọn aláǹtakùn kúrò lára rẹ̀, ó gbé e lọ fún atúnkọ̀ǹpútàṣe tó wà ní òpin òpópó náà. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọkùnrin náà fi ń bá a ṣe wàhálà. Nígbà tí ẹ̀rọ náà jí, fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti ní lọ́wọ́: kọ́tìnnì, àti ọwọ́.

Lọ́jọ́rú, ó yí ọgbọ́n padà. Ó mọ̀ pé Ọ̀gá kì í ya fọ́tò ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń yà á, nítorí pé nínú ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan á dijú. Nígbà yẹn sì rèé, wọn kò fọkàn tán ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n máa ń tẹ gbogbo rẹ̀ jáde kí wọ́n tó yan èyí tó dára.

"Ọ̀gá, èyí tí wọ́n dijú nínú rẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ fi ṣe?"

"Mi ò kí ń sọ bébà nù," ni Ọ̀gá wí. Òótọ́ ni. Páálí ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì iwájú tí wọ́n ń kó fọ́tò tó bàjẹ́ sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ orúkọ oníbàárà. Àwọn méjèèjì dà á sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ tì í láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n rí ìyàwó olójú kan, wọ́n rí ọmọ ọwọ́ tó ń ké, wọ́n rí bàbá kan tí èéfín sìgá bo gbogbo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ jù nínú páálí náà kò ju ọdún mẹ́rin lọ.

"Ó tó," ni Ọ̀gá wí, wọ́n di ìbàdí mú. "O ti gbìyànjú. Ẹni tó wá nǹkan tí kò rí i kì í ṣe olè. Ṣe orí yẹn."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, sà."

Ọkọ Ìyá Ọwọ́kù ni káfíńtà tó ń kan férémù fún ilé ìyàwòrán náà láti ọdún mẹ́wàá. Kí ó tó gba iṣẹ́ yẹn, ilé ni Ọ̀gá máa ń gbé àwọn fọ́tò lọ fi férémù sí fúnra wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nídìí oúnjẹ, káfíńtà náà ń sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ìyàwó rẹ̀ kò sì fetí sí i.

"Férémù tí wọ́n gbé wá fún mi lónìí, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Mo ṣí i. Ṣé o mọ ohun tí mo bá lẹ́yìn bàbá àgbà? Ọmọge méjì tí wọn kò mọ̀ rí. Ọ̀gá rẹ há ọmọge mọ́ ẹ̀yìn bàbá àgbà, bàbá ń rẹ́rìn-ín síwájú láti ọjọ́ yìí, ìyá àgbà kò mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Kí lo sọ?"

"Ẹ̀rín ni mo fi ṣe."

"Tún un sọ. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Fọ́tò tó bàjẹ́ ni. Páálí ni èmi ń fi sí i. Àṣé fọ́tò bíbàjẹ́ ni tiwọn, kí gíláàsì má baà mì."

Ìyá Ọwọ́kù fọwọ́. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ọkọ rẹ̀ bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó ní òun kò lọ síbì kankan, ilẹ̀ ló ń dí òun lọ́wọ́ pé kò tètè mọ́.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò tilẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì ló gbà lọ, ẹ̀mú tí ọkọ rẹ̀ fi ń yọ ìṣó wà nínú báàgì rẹ̀. Férémù náà wà lórí ògiri pálọ̀, lókè àga gígùn. Ọmọbìnrin náà bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ. Wọ́n dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Ìṣó mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, gbogbo wọn ti dípẹtà. Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú àwo tíì. Ó gbé pákó ẹ̀yìn kúrò.

Bébà kan wà níbẹ̀ tó dojú délẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n. Ó fi èékánná ṣí i ní igun, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀rinrin ti lẹ igun kan rẹ̀ mọ́ èyí tó wà níwájú. Kò bínú, kò kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó yí i padà, Màmá Nọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ dijú pátápátá bí ẹni ń gbàdúrà. Ọmọbìnrin wọn ń wo òkè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì onílà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbẹ bí igi ìdáná dúró, ó ń wo kámẹ́rà tààrà.

Màmá Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ̀yìn mi ló wà," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ̀yìn yín ni, mà. Ẹ ò parọ́ fún un. Ibi tó wà náà ló wà."

Kí ènìyàn rí nǹkan yàtọ̀ sí kí ó mọ bí yóò ṣe gbé e sípò. Ó mú fọ́tò méjèèjì dé ṣọ́ọ̀bù, ó yà wọ́n wọ inú kọ̀ǹpútà, ó ṣe ẹ̀dà wọn sínú Má Fọwọ́ Kàn, ó fa kọ́tìnnì yàrá rẹ̀ bo ẹnu ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé ọmọ náà sí àyè rẹ̀, ó tóbi ju ìyá rẹ̀ lọ, bí òmìrán tó wá kí wọn. Ọ̀gá ti sún mọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń ya èkejì. Ó dín in kù, ó wá dà bí ọmọ ilé-ìwé. Kò sí ohun tó fi lè mọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó.

Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí máòsì, ó jókòó, ó ń wo fọ́tò àtijọ́. Ìka mẹ́rin náà ń wò ó padà.

Ọwọ́ wà nínú àwọn méjèèjì. Ó wọn ìka àárín nínú èyí tó wà lórí ògiri láti oríkèé dé èékánná. Ó wọn ìka àárín nínú èyí tó bàjẹ́. Ó dín ọmọ náà kù títí ìka àárín méjèèjì fi bára mu, gbogbo ara rẹ̀ sì bọ́ sí ipò, èjìká rẹ̀ ga ju ti àbúrò rẹ̀ lọ ní ìwọ̀nba tó yẹ. Ọwọ́ tó gbàgbé lọ́jọ́ kìíní ló júwe ibi tí ọlọ́wọ́ dúró sí.

Ó ku apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti sún díẹ̀ nínú fọ́tò kejì, aṣọ rẹ̀ sì bo ibi tó fẹ̀ tó ìka méjì lára ṣẹ́ẹ̀tì náà. Aṣọ kì í ṣe ojú. Aṣọ ṣeé hun. Ó mú ìlà láti àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó dára. Ó jìnnà sí i, ó wò ó, ó sì rí i pé bọ́tìnnì kan náà, tí òwú rẹ̀ já, ti di méjì. Ó pa á rẹ́. Ó tún un hun. Àwọn ìlà náà wọ́. Ó pa á rẹ́. Títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ìlà ló ń hun, òun náà ló sì ṣílẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì láti tẹ̀síwájú. Ọ̀gá gbé omi wọlé fún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n padà síwájú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n dúró.

"Kò sí ẹni tó máa wo ibẹ̀," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò nípa ọwọ́, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n jáde.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé e lọ fúnra rẹ̀, káfíńtà bá a gbé òòlù. Màmá Nọ́ọ̀sì fi awò ojú wò ó, wọ́n yọ awò, wọ́n tún fi wò ó.

"Ó gbẹ tó báyìí nígbà yẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, mà. Mi ò bù kún un."

"Ẹ gbé e kọ́."

Nígbà tí ìṣó ti wọlé, wọ́n ní kí Ìyá Ọwọ́kù jókòó. Ó jókòó.

"Ta ló tún mọ̀ nípa èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún nítorí kí ó lè wá fi irọ́ bà á jẹ́.

"Gbogbo àdúgbò, mà. Orúkọ mi ni. Bó bá jáde lọ ra búrẹ́dì, tó gbọ́ tí wọ́n pè mí, tó béèrè ìdí rẹ̀, kó tó gba ṣéńjì wọ́n á ti sọ fún un."

Káfíńtà wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Màmá Nọ́ọ̀sì wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka aláìsàn inú wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu tiwọn náà.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "A jẹ́ pé ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọjá. Ìyá Ọwọ́kù kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé, ó ń yọ òjìji agboòrùn kan kúrò lójú akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà tí ẹnìkan fa kọ́tìnnì yàrá ẹ̀yìn, tó gbé ọwọ́ lé etí tábìlì rẹ̀. Ìka àárín rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ ní oríkèé, èékánná rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ. Ó mọ ọwọ́ náà kó tó wo ojú ọlọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni Ìyá Ọwọ́kù?" Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà gbé ọmọ ìkókó mọ́ àyà.

"Èmi ni. Ẹ káàbọ̀."

"Màmá sọ fún mi kí n tó jókòó. Orí ìdúró ni wọ́n ti ní kí n gbọ́ ọ." Ó gbé ọmọ náà sí èjìká kejì. "Mo fẹ́ lọ. Mo ti di báàgì mú. Wọ́n wá ní àwọn yọ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀yin fẹ́ yọ ọwọ́, àwọn kò gbà fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ mi."

"Mo gbé báàgì kalẹ̀." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Èyí tó ní ọwọ́ nìkan yẹn, ṣé ó ṣì wà? Mo fẹ́ gbé e lọ sílé mi. Bí ọmọ mi yìí bá dàgbà, tó bá fẹ́ fi ìbínú gbé báàgì, mo máa mú un lọ síwájú rẹ̀."

Ìyá Ọwọ́kù ṣí Má Fọwọ́ Kàn. Òun ló wà lókè pátápátá. Ó béèrè bó ṣe fẹ́ kó tóbi tó, pírńtà húkọ́, ó húkọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde: ìyá, ọmọbìnrin, kọ́tìnnì, ìka mẹ́rin. Ó mú férémù kan láti inú èyí tí ọkọ rẹ̀ ti kàn sílẹ̀, ó nu gíláàsì rẹ̀. Ó tún tẹ nǹkan mìíràn jáde, èyí tí gbogbo wọn pé nínú rẹ̀, ó fi í sẹ́yìn èyí ọlọ́wọ́, ó gbé pákó lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó.

"Kí lẹ fi sẹ́yìn rẹ̀ yẹn?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Kí gíláàsì má baà mì ni," ló wí, ó kan èyí tó kù.